FID, ECD, FPD àbí MS: dítẹ́kítọ̀ GC wo ló yẹ kẹ́ ẹ rà?

Tẹ́ ẹ bá ti ní ẹ fẹ́ ra GC, ìyẹn gas chromatograph, ẹ̀rọ tá a fi ń mọ èròjà tó wà nínú nǹkan, ìwé tí ẹni tó ń tà á máa gbé lé yín lọ́wọ́, nọ́ńbà ló kún inú ẹ̀, dítẹ́kítọ̀ yìí lè rí píkógírámù, tọ̀hún lè rí fẹ́mtógírámù tó tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ ti ń rò ó pé èyí tó bá rí nǹkan tó kéré jù náà ló dáa jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Mo mọ láàbù kan tí ECD wọn ṣì ń dán gbinrin bí ìgbà tí wọ́n já a nínú páálí, wọn ò níwèé àṣẹ ẹ̀, gáàsì tó mọ́ tó ń fẹ́ ò sì sí, FID àgbà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń bá wọn wá owó oṣù.

Column inú GC, ìyẹn páìpù tín-ín-rín gígùn kan, ló máa ń ya àwọn èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, dítẹ́kítọ̀ ló máa wá sọ pé nǹkan ń kọjá àti bó ṣe pọ̀ tó. Tí dítẹ́kítọ̀ yín ò bá dá nǹkan ọ̀hún mọ̀, ó kọjá lọ nìyẹn, ẹ̀yin á kọ "a ò rí nǹkan kan" sínú èsì, oníbàárà á sì gbà yín gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká fara balẹ̀ yàn án.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀

Àkọ́kọ́, kí ló wà nínú èròjà tẹ́ ẹ ń wá? Ṣé kàábọ́ọ̀nù àti haidirójìn nìkan ni, bíi ti epo bẹntiróòlù, àbí chlorine wà nínú ẹ̀, àbí phosphorus, àbí sulphur? Ìkejì, báwo ló ṣe kéré tó? Ìkẹta, kí ló bá a wà níbẹ̀, torí omi ẹ̀rọ àti ẹ̀wà ò jọra, gbogbo ọ̀rá àti àwọ̀ inú ẹ̀wà ló máa bá yín wọnú GC. Ìkẹrin ni gáàsì, iná, ẹni tó máa tún un ṣe, àti ìwé ìjọba. Èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn máa ń fojú kéré, òun ló sì ń sọ ẹ̀rọ di àgá tí wọ́n ń gbé fáìlì lé.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀wà ṣe ìkejì yẹn. Ní oṣù kẹfà 2015, ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ, dichlorvos ni wọ́n bá nínú ẹ̀, oògùn kòkòrò tí gbogbo wa mọ̀ sí Sniper. Èyí tí wọ́n rí bẹ̀rẹ̀ láti mílígírámù 0.03 títí dé 4.6 nínú kílò kan, bẹ́ẹ̀ 0.01 péré ni wọ́n gbà láàyè. Ó dáa, ká ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀wà kan kọjá 0.01 yẹn. Ẹ wọn gírámù 5 ẹ̀wà lílọ̀, ẹ da omi sí i, ẹ fi mílílítà 10 acetonitrile, omi kẹ́míkà kan, fa oògùn inú ẹ̀ jáde. Dichlorvos tó wà nínú gírámù 5 yẹn ò ju nánógírámù 50 lọ, tó bá tú ká inú mílílítà 10, mílílítà kọ̀ọ̀kan á ní nánógírámù 5, tẹ́ ẹ bá wá fi síríńjì gún máíkírólítà kan, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílílítà, sínú GC, píkógírámù 5 péré ló wọlé, torí píkógírámù ẹgbẹ̀rún ló wà nínú nánógírámù kan. Píìkì ẹ̀, ìyẹn òkè tí ẹ̀rọ máa yà sórí ìwé nígbà tó bá ń kọjá, á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 3 kó tó kọjá tán, ìyẹn nǹkan bíi píkógírámù 1.7 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́wọ́, a ṣì máa lò ó.

TCD, fún gáàsì tó pọ̀

Mi ò ní pẹ́ lórí eléyìí. Wáyà tín-ín-rín kan tó gbóná ló wà nínú ẹ̀, gáàsì tó ń kọjá ló ń mú ooru ẹ̀ lọ, tí nǹkan míì bá ti dà pọ̀ mọ́ gáàsì yẹn, ooru ara wáyà á yí padà, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí nǹkan tí kò rí, omi, oxygen, náítírójìn, CO2, gbogbo ẹ̀, kì í sì í ba sáńpù jẹ́, owó ẹ̀ ò sì wọ́n. Tó bá jẹ́ biogas, gáàsì tó ń ti ara ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí jíjẹrà jáde, lẹ̀ ń wọ̀n, tẹ́ ẹ fẹ́ mọ ìwọ̀n methane àti CO2 inú ẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ mú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní nǹkan míì. Àmọ́ oògùn kòkòrò inú ẹ̀wà? Ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹ má sì tan wáyà yẹn láìjẹ́ pé gáàsì ti ń kọjá lórí ẹ̀ o, ó máa jó ni. Tó bá sì jẹ́ haidirójìn gan-an lẹ̀ ń wá, ẹ má lo hílíọ̀mù láti gbé e, ooru tí àwọn méjèèjì ń gbé sún mọ́ra jù, píìkì á kéré tàbí kó dorí kodò, argon ni kẹ́ ẹ lò.

FID, òṣìṣẹ́ gidi

Nǹkan bí 1958 ló jáde, àwọn méjì ní Australia, McWilliam àti Dewar, àti àwọn mẹ́ta ní South Africa, Harley, Nel àti Pretorius, wọ́n ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín àsìkò kan náà. Iná kékeré kan ló wà nínú ẹ̀, haidirójìn àti afẹ́fẹ́ ló ń jó, tí nǹkan tó ní kàábọ́ọ̀nù bá ti bọ́ sínú iná yẹn, á sọ agbára iná mànàmáná díẹ̀ jáde, òun ni ẹ̀rọ ń kà. Bí kàábọ́ọ̀nù bá ṣe pọ̀ tó ni píìkì ṣe máa ga tó, láti orí tín-ín-tín dé orí ohun tó pọ̀ ní ìlọ́po mílíọ̀nù mẹ́wàá, ìlà ẹ̀ ò wọ́. Díẹ̀ ni dítẹ́kítọ̀ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò rí omi, kò rí CO2, kò rí náítírójìn, ìyẹn gan-an sì lèrè ẹ̀, torí ẹ lè gún afẹ́fẹ́ orí ọtí tàbí orí ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀ kí omi má dà yín láàmú. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Ode-Irele ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2015, nígbà táwọn èèyàn ń kú, tí wọ́n ń sọ pé òrìṣà ló ń bínú, táwọn míì ní oògùn apakoríko ni, ìgbẹ̀yìn ẹ̀, methanol ni. Irú iṣẹ́ yẹn, FID lásán pẹ̀lú column tó dáa á ya methanol kúrò lára ethanol láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí ìdí kankan láti lọ ra MS torí ògógóró.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀wà wa. FID ń ka kàábọ́ọ̀nù nìkan, kàábọ́ọ̀nù inú dichlorvos ò ju nǹkan bí 22 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, torí náà nínú píkógírámù 1.7 yẹn, 0.4 péré ni FID lè kà, bẹ́ẹ̀ èyí tó dáa pàápàá, ó máa ń tó 1 sí 2 kó tó mọ̀ pé nǹkan ń kọjá. Kò lè rí i. Kódà ká ní ó rí i, gbogbo nǹkan inú ẹ̀wà ló ní kàábọ́ọ̀nù, píìkì á pọ̀ bí èrò ọjà, ẹ ò ní mọ èwo ni tòótọ́.

Títọ́jú ẹ̀ ò le. Haidirójìn bíi mílílítà 40 ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ bíi 400. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa, tó bá jẹ́ sílíńdà onílítà 50 tí wọ́n kún dé 150 bar lẹ̀ ń lò fún méjèèjì, tẹ́ ẹ sì ń tan án tọ̀sán-tòru, haidirójìn á lò ju oṣù mẹ́rin lọ, afẹ́fẹ́ á tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí náà, ẹ ra kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ní àsẹ́ tó dáa fún afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí sílíńdà jẹ́ ti haidirójìn. Ẹ má tan iná ẹ̀ kó tó gbóná kọjá 150°C, omi tó ń ti ara iná jáde á dì sínú ẹ̀, á sì dípẹtà. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tàn lóòótọ́, ẹ mú sípánà tó ń dán, ẹ gbé e sókè ihò ẹ̀, tí omi bá sẹ̀ bí ìrì sí ojú irin yẹn, iná wà níbẹ̀, tí kò bá sẹ̀, haidirójìn lásán lẹ̀ ń tú sínú yàrá o, ẹ tètè pa á.

ECD, olóye tó lẹ́jọ́ lọ́rùn

James Lovelock ló ṣe é ní 1957, ní Mill Hill ní London. Òun kan náà ló gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi Shackleton ní 1971, tó fi rí gáàsì ara fíríìjì àti sípúréè nínú afẹ́fẹ́ lójú agbami Atlantic, níbi tí ẹnikẹ́ni ò rò pé ó lè dé. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé irin nickel-63 kan wà nínú ẹ̀ tó ń tú ìtànṣán jáde, ìyẹn ń mú kí electron máa ṣàn geere, tí nǹkan tó ní chlorine tàbí bromine bá wá kọjá, á gbá electron yẹn mú, iná mànàmáná tó ń ṣàn á lọ sílẹ̀. ECD dà bí ìyá ọlọ́mọ láàárín ọjà, ariwo gbogbo ò kàn án, igbe ọmọ ẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Lindane, DDT, endosulfan, dieldrin, àwọn oògùn àtijọ́ tó ṣì wà nínú erùpẹ̀ oko kòkó àti ìsàlẹ̀ odò wa, fẹ́mtógírámù ni ECD fi ń wọ̀n wọ́n.

Ibi tó ti le ni ìyókù. Nàìjíríà ní NNRA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìtànṣán, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ ní ẹni tó ń bójú tó o, kẹ́ ẹ sì máa nu ara ẹ̀ lóòrèkóòrè láti mọ̀ bóyá ó ń jò, ní ọ̀pọ̀ ibi oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni. Nickel yẹn, ọgọ́rùn-ún ọdún ni yóò tó ku ìdajì, ọmọ-ọmọ yín á bá a níbẹ̀. Ẹ ò lè jù ú nù, ẹ ò lè tà á fún àwọn tó ń ra pàǹtírí irin, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ tú u láti fọ̀ ọ́.

Ó tún máa ń gbọ́ igbe ọmọ ọlọ́mọ. Rọ́bà ọwọ́, ìdérí ike, páìpù onírọ́bà, gbogbo wọn ló ń fi phthalate, èròjà tó ń mú ike rọ̀, sínú sáńpù, ECD á sì yọ píìkì gàgàrà fún yín. Sulphur inú ẹrẹ̀ odò náà ńkọ́, á bo ìdajì ojú ìwé mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá fi copper yọ ọ́. Ẹni tó bá ń lo dichloromethane, omi kẹ́míkà tí chlorine kún inú ẹ̀, nínú yàrá kan náà, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Àti pé nǹkan tẹ́ ẹ bá rí lórí column kan, ẹ tún un ṣe lórí column míì tó yàtọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Tí DDT bá ń fọ́ sí DDE àti DDD nínú inlet yín, ẹnu tí sáńpù ń gbà wọ GC, ju 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ liner, páìpù gíláàsì inú ẹ̀.

NPD àti FPD, fún phosphorus

Dichlorvos ní phosphorus, nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ mú 1.7 wa jáde, ìyẹn á jẹ́ nǹkan bí 0.23 píkógírámù phosphorus ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, NPD àti FPD tó dáa sì lè rí èyí tí ò tó 0.1. Ó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè tó kù ò fẹ̀.

NPD ní ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan tí wọ́n fi rubidium sí, ó máa ń pọ́n yòò, náítírójìn àti phosphorus nìkan ló ń kà. Nínú ìwé, ó dùn. Lójoojúmọ́, oníwàhálà ni. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ń gbó, agbára ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ lè má dọ́gba, ẹ gbọ́dọ̀ máa gún sítáńdáàdì, ìyẹn oògùn tẹ́ ẹ ti mọ ìwọ̀n ẹ̀ tẹ́lẹ̀, láàárín sáńpù. Ọṣẹ tó ní phosphate tí wọ́n fi fọ ife, á hàn. Èyí tó wá burú jù ni acetonitrile tá a fi fa ẹ̀wà wa, náítírójìn ló wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gún un bẹ́ẹ̀, á bo ìlẹ̀kẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ ní láti gbẹ ẹ́, kẹ́ ẹ fi ethyl acetate, omi kẹ́míkà míì tí kò ní náítírójìn, rọ́pò. Ẹ wò ó, dichlorvos fúnra ẹ̀ a máa fẹ́, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó gbẹ táútáú lábẹ́ náítírójìn, ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ, èsì yín á ní ẹ̀wà mọ́. Ẹ kán nǹkan tí kì í tètè fẹ́ sí i, kẹ́ ẹ sì dúró nígbà tó bá ku díẹ̀.

FPD, iná ni bíi FID, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ inú iná ló ń wò. Phosphorus ń tàn ní 526 nm, sulphur ní 394 nm, gíláàsì àsẹ́ kan ló ń yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Fún phosphorus, èmi fẹ́ràn ẹ̀ ju NPD lọ, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń gbó, acetonitrile ò sì yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn mọ̀ pé tí ọ̀rá bá jáde ní àsìkò kan náà, á pa ìmọ́lẹ̀ yẹn, píìkì á kéré ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà inú ẹ̀wà tí kò ní oògùn ni kẹ́ ẹ ti po sítáńdáàdì yín. Fún sulphur, ìṣirò ẹ̀ yàtọ̀, tó bá di ìlọ́po méjì, píìkì á di ìlọ́po mẹ́rin, ẹni tí ò mọ̀ á máa fa ìlà gbọọrọ lé e, á sì máa bú ẹ̀rọ.

PID, fún benzene

Ní 2011, UNEP kọ ọ́ nínú ìròyìn wọn lórí ilẹ̀ Ogoni pé benzene inú omi kànga kan ní Nisisioken Ogale ju ìwọ̀n WHO lọ ní ìlọ́po tó lé ní 900. Ìwọ̀n WHO yẹn, máíkírógírámù 10 ni nínú lítà omi kan. Irú iṣẹ́ benzene, toluene báyìí, PID dáa fún un, gílóòbù kékeré kan ló ń lò, kò fẹ́ haidirójìn, wọ́n sì ń ṣe èyí tí èèyàn lè gbé dé etí kànga. Èròjà tí agbára ìmọ́lẹ̀ gílóòbù yẹn bá tó láti yọ electron lára ẹ̀ nìkan ló ń rí, eV ni wọ́n fi ń wọn agbára yẹn. Gílóòbù 10.6 eV ló wọ́pọ̀, benzene ò fẹ́ ju 9.24 lọ, ó ń rí i kedere, ṣùgbọ́n methanol jẹ́ 10.84, kò ní rí i rárá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi PID wá methanol nínú ọtí, ẹ dá a dúró.

MS, bàbá ńlá

MS, ìyẹn mass spectrometer, nìkan ló lè sọ irú nǹkan tó kọjá. Ó ń fi electron 70 eV lu èròjà fọ́, ó ń to àwọn àfọ́kù ẹ̀ bí wọ́n ṣe wúwo, dichlorvos á fún yín ní 109, 185 àti 79, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jáde ní àsìkò tó yẹ, ní ìwọ̀n tó jọ ti sítáńdáàdì, ẹjọ́ parí. Ẹni tó ń ra ẹ̀wà ní Yúróòpù, nǹkan tó fẹ́ rí nìyẹn. Ẹ má kàn gbára lé pé kọ̀ǹpútà ní ó jọ ọ́ 90 nínú ọgọ́rùn-ún, láìgún sítáńdáàdì, àbá lásán ni. MS pàápàá ń ṣìnà, trichlorfon máa ń fọ́ di dichlorvos nínú inlet tó gbóná, MS á rí dichlorvos lóòótọ́, kì í ṣe àgbẹ̀ ló fi í síbẹ̀.

Owó ẹ̀ ńkọ́? Owó GC-MS kan sábà máa ń ra GC-FID méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n iná ló máa ń pa á níbí. Pọ́ńpù gbọ́dọ̀ máa fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde tọ̀sán-tòru, tí NEPA bá mú iná lọ lójijì, pọ́ńpù dúró, afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ ní láti tún fa á fún wákàtí mélòó kan kẹ́ ẹ tó tún ṣiṣẹ́, ọjọ́ mìíràn gbogbo ọjọ́ yẹn ti lọ. Ìnfátà á gbé MS àti kọ̀ǹpútà, á jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè tan jẹnẹrétọ̀, àmọ́ oven GC lè fa kílówáàtì méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má so ó mọ́ ìnfátà kékeré. Láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó gún nǹkan kan, ẹ wo 18, 28 àti 32, ìyẹn omi, náítírójìn àti oxygen, tí 28 bá ga, tí 32 sì tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin ẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan, ẹ di nọ́ọ̀tì column yẹn le. Hílíọ̀mù, ìlú òyìnbó ló ti ń wá, ẹ béèrè iye ẹ̀ ní ìlú yín kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ilé ìwé tó fẹ́ kọ́ ọmọ, láàbù ọtí, láàbù epo, ẹ mú FID, ẹ má wojú ẹnikẹ́ni. Biogas, TCD. Benzene nínú omi, PID tàbí FID tẹ́ ẹ bá fi headspace sí i, ìyẹn gígún afẹ́fẹ́ orí omi yẹn, ó sì tó, àyàfi tó bá máa dé ilé ẹjọ́, nígbà yẹn MS ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀wà fún ọjà ilé, tẹ́ ẹ fẹ́ ya èyí tó dáa kúrò lára èyí tó ní oògùn, FPD ni mo máa fún yín, kẹ́ ẹ wá fi àwọn tó bá hàn ránṣẹ́ sí láàbù tó ní MS. Ẹni tó ń kó ẹrù lọ sókè òkun, tó ń rí sáńpù lójoojúmọ́, tó sì níná tó dúró, kó ra MS, kó ra triple quad, MS tó ń yan èròjà lẹ́ẹ̀mejì, tówó bá ká a, torí ẹ̀wà onídọ̀tí máa ń da èyí tó kéré láàmú. ECD, àwọn tó ń wá DDT àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ nínú erùpẹ̀ àti odò nìkan ni, tí wọ́n bá ti ní àṣẹ NNRA lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. NPD, mi ò rí ẹni tí mo máa ní kó rà á báyìí, àfi ẹni tó ń wá èròjà onínáítírójìn tí kò lówó MS, tó sì ní ẹnì kan tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa tọ́jú ìlẹ̀kẹ̀ yẹn lọ. Tówó bá tó dítẹ́kítọ̀ méjì lórí GC kan, FID àti FPD, ó ti tó ọ̀pọ̀ láàbù ní ilẹ̀ wa.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? FID àti TCD, ẹ lè rà á, kí wọ́n ṣáà tan án lójú yín. FPD, ẹ ní kí wọ́n fi bí ìlà ẹ̀ ṣe ń gbọ̀n hàn yín nígbà tí ohunkóhun ò kọjá. MS, ẹ béèrè ìwé tune ọjọ́ yẹn gan-an, ìyẹn àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ ṣe fún ara ẹ̀, ẹ wo voltage multiplier, apá tó ń sọ àmì kékeré di ńlá, ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó bá ti ń sún mọ́ 3000, ẹ ti fẹ́ ra tuntun nìyẹn. ECD tòkunbọ̀, tí ìwé nickel-63 ẹ̀ ò bá bá a wá, pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò jíjò tí kò tíì pẹ́, ẹ má gbà á kódà kí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbé e wọlé, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún NNRA ibi tó ti wá.